Irú Ariwo Wo Ló Ń Bá Yín Jà? Àgbéyẹ̀wò Hẹ́dífóònù Adínariwokù

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Computer Village n'Íkẹjà lónìí, tó ní òun ń wá hẹ́dífóònù tó ń dín ariwo kù, wọ́n á ti to oríṣiríṣi síwájú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ìlérí kan náà ló wà lára gbogbo páálí. Owó wọn ló jìnnà síra: ọ̀kan ò ju owó oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan lọ, òmíràn á gba odindi owó oṣù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, á tún béèrè àfikún. Iye tí oníbàárà fẹ́ ná ni olùtajà sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Èmi gbà pé ìbéèrè méjì ló yẹ kó ṣáájú owó. Èkíní, irú ariwo wo ló ń yọ yín lẹ́nu? Èkejì, kí ló wà láàárín etí yín àti tìmùtìmù hẹ́dífóònù náà: ṣé irun dídì ni, ṣé awò ojú ni, ṣé híjáàbù ni? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí méjèèjì lè fi owó kékeré ra ìsinmi ńlá. Ẹni tí kò bá rí i lè ra èyí tó wọ́n jù lọ́jà, kó sì máa gbọ́ àròyé ará ilé kejì ketekete.

Èyí tó ń bo gbogbo etí mọ́lẹ̀ ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, kì í ṣe ẹ́ẹ̀písì tí a ń kì sínú ihò etí.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ariwo kò ju afẹ́fẹ́ tó ń mì síwá sẹ́yìn lọ. Àwọn makirofóònù kéékèèké tó wà lára hẹ́dífóònù, lóde àti nínú, ń gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń mì. Kọ̀ǹpútà bíńtín inú rẹ̀ á ṣírò òdìkejì ìmì náà, sípíkà á sì gbé òdìkejì yẹn jáde sínú etí lójú ẹsẹ̀. Bí ariwo bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, sípíkà á máa fà á sẹ́yìn. Ó dà bí ìgbà tí àwọn méjì tí agbára wọn dọ́gba bá ń ti ilẹ̀kùn kan, ọ̀kan láti inú, èkejì láti ìta: àwọn méjèèjì ń làágùn, ilẹ̀kùn ò kúrò lójú kan. Ẹ̀rọ yìí ni àwọn tó ń ṣe é kọ sára páálí ní lẹ́tà mẹ́ta, ANC.

Èrò náà ti pẹ́ láyé. Paul Lueg, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ní 1933 gẹ́gẹ́ bí ohun tí òun dá sílẹ̀, Amẹ́ríkà sì fún un ní ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1936. Kò sí ohun èlò tó yára tó láti fi ṣe é nígbà yẹn, nítorí náà inú ìwé ló jókòó sí. Ní 1978, Amar Bose, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, tí bàbá rẹ̀ wá láti Bengal ní Íńdíà, wọ bàálù láti Zurich lọ sí Boston. Wọ́n fún un ní hẹ́dífóònù nínú bàálù, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì bo orin mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò gbádùn un. Orí ìjókòó rẹ̀ níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Nígbà tí Dick Rutan àti Jeana Yeager fi bàálù Voyager yí ayé po ní 1986, ọjọ́ mẹ́sàn-án láìbalẹ̀, láìgba epo, irú hẹ́dífóònù tí ilé-iṣẹ́ Bose ń dán wò ni wọ́n fi dáàbò bo etí wọn. Ọdún 1989 ni Bose bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn awakọ̀ òfurufú. Ọdún 2000 ló tó dé ọwọ́ arìnrìn-àjò lásán, ní dọ́là 299, wọ́n sì pè é ní QuietComfort. Sennheiser ti Jámánì náà ti ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn awakọ̀ Lufthansa láti àwọn ọdún 1980.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé ó fi ohun kan hàn tí páálí ò ní sọ. Ẹ́ńjìnnì bàálù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ yìí: ariwo tó nípọn, tó ń lọ geere, tí kò dẹ́kun, tí kò yí padà. Títí di òní, irú ariwo bẹ́ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n bá jà jù.

Ìdí rẹ̀ wà nínú gígùn ìgbì ohùn. Ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ariwo tó ń mì ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá ní ìgbì tó gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta àti ààbọ̀, nítorí náà bí kọ̀ǹpútà inú hẹ́dífóònù bá pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn, òdìkejì tó gbé jáde á ṣì bá ìgbì náà níbi tó wà. Ariwo tó ń mì ní ìgbà 5,000 ní ìgbì tí kò tó sẹ̀ntímítà méje. Ìdádúró bíńtín ti tó kí òdìkejì má bá a mọ́, bóyá kó tilẹ̀ fi kún un. Ìdí nìyí tí ANC fi ń lágbára nísàlẹ̀, tí agbára rẹ̀ sì ń tán bí ariwo bá ti ń sún mọ́ ìmì 1,000. Láti ibẹ̀ lọ sókè, tìmùtìmù àti ike tó bo etí ló ń ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ẹni ṣe lè bo etí. Hẹ́dífóònù tí tìmùtìmù rẹ̀ kò dára kò lè dára, ì báà jẹ́ ọlọ́run ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ṣe ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e wá sílé. Iná tí à ń lò ní Nàìjíríà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ kékeré ní láti yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ tó bá a mu. Èyí tí àwọn ènìyàn sọ ní «I better pass my neighbour», tí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróò rẹ̀, ń jó epo ní gbogbo ìgbà tó bá ti yí. Ìyẹn ni pé ó ń bú ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Èyí tó tóbi jù ú lọ, tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ń bú lẹ́ẹ̀kan nínú yíyí méjì, ìgbà 25. Àárín gbùngbùn ilẹ̀ tí ANC ti ń jọba nìyẹn. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò yí yàrá rẹ̀ ká ní Akọkà tàbí ní Bódìjà, tó ń kàwé tàbí tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òkè òkun, òun gan-an ni wọ́n ṣe hẹ́dífóònù yìí fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìkùn ẹ́ńjìnnì yẹn lè wọlẹ̀. Ohun tó máa kù ni pé irin tó ń gbọ̀n lára jẹnẹrétọ̀ á ṣì máa dún ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀ lókèèrè, nítorí pé ìmì tirẹ̀ ga. Fáànù, ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ BRT, bàálù láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ gbogbo wọn.

Ohùn ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi ìmì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ti obìnrin láti nǹkan bíi 200, ẹ̀rọ sì lè bu ìpìlẹ̀ yẹn kù dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn ìmì gíga tó ń bá ìpìlẹ̀ ohùn rìn ń kọjá, ọpọlọ sì ń fi wọ́n tún ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ to padà. Ìró s, ṣ, t àti k wà lókè réré níbi tí ANC kì í dé. Ẹni tó bá ń pè yín lórúkọ, ẹ ó gbọ́ pé ẹnìkan ń pè, ohùn rẹ̀ á kàn fẹ́lẹ́ ni. Ẹkún ọmọ ọwọ́ tún ga ju ọ̀rọ̀ lọ. Ó tilẹ̀ ń ya àwọn kan lẹ́nu pé nínú bàálù, nígbà tí wọ́n wọ hẹ́dífóònù wọn tán, ọ̀rọ̀ àwọn tó wà níjòókòó ẹ̀yìn wá ṣe kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ló ti kúrò.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ìjà ọkọ àti aya lẹ́yìn ògiri, tàbí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì kan náà, ló ń dà yín láàmú, ẹ má ná owó ńlá lórí ANC. Ẹ ra èyí tí tìmùtìmù rẹ̀ nípọn tó sì bá orí yín mu, kí ẹ máa fi orin jẹ́jẹ́ tàbí ìró òjò tí kò dẹ́kun sí i lábẹ́. Ìyẹn ló ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ní ti ilé ìjọsìn tó gbé sípíkà kọ́ sójú fèrèsé yín, ẹ̀rọ á gba bàásì rẹ̀ kúrò, ohùn oníwàásù á ṣì wọlé. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀dọ̀ LASEPA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó ń bójú tó àyíká, ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ, wọ́n sì ti ti ilé ìjọsìn àti ilé fàájì pa nítorí ariwo.

Ariwo òjijì náà kò bá ANC mu: ilẹ̀kùn tó gbá, hámà káfíńtà, ìbọn. Ó ti dé etí kí ìṣirò tó parí. Ẹni tó ń lọ ata pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ní ọjà, wẹ́dà àti ẹni tó ń la pákó, kí wọ́n ra ìbotí tí wọ́n ṣe fún òṣìṣẹ́, èyí tí a kọ iye ariwo tó ń dín kù sí lára. Owó rẹ̀ kéré sí ti hẹ́dífóònù, ó sì ń dáàbò bo etí ju ohunkóhun tí mo fẹ́ dárúkọ níbí lọ.

Kí n tó dé orí àwọn orúkọ, mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa lẹ́tà mẹ́ta mìíràn tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn: ENC. Ó jọ ANC, ara páálí kan náà ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwòrán etí tó dákẹ́ rọ́rọ́. Makirofóònù tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni ENC ń tọ́jú. Ó ń yọ ariwo àyíká yín kúrò kí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ má baà gbọ́ ọ. Kò ṣe nǹkan kan sí ohun tí etí tiyín ń gbọ́. Ó wúlò fún ẹni tó ń ṣe ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bí páálí bá kọ ENC nìkan, tí kò sí ANC níbì kankan, hẹ́dífóònù lásán lẹ fẹ́ rà yẹn. Èyí ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọjà yìí, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló sábà máa ń kó sí i. Bákan náà ni àwọn tí wọ́n ń tà pẹ̀lú àmì P9, tí wọ́n gbẹ́ bí AirPods Max ti Apple. Ìrísí nìkan ni wọ́n fi jọ ọ́.

Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n ò le. Ẹ gbé hẹ́dífóònù wọ nínú ọjà, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún. Ẹ má fi orin sí i rárá. Ẹ tan ANC, ẹ pa á, ẹ tún tàn án. Bó bá jẹ́ ojúlówó, bí ìkùn ẹ́ńjìnnì yóò ṣe rì wọlẹ̀ á hàn sí yín láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣàlàyé. Bí ẹ bá ní láti ronú kí ẹ tó mọ̀ bóyá nǹkan yí padà, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Olùtajà tó bá ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ gbé orin sí i, orin náà ni yóò fi bo ariwo mọ́lẹ̀ fún yín, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, ẹ wọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń wọ̀ ọ́ nílé, pẹ̀lú awò ojú yín, pẹ̀lú irun tó wà lórí yín. Ibí ni ọ̀rọ̀ àwa ti yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń kọ ìwé nípa hẹ́dífóònù nílùú òyìnbó, nítorí pé orí tí irun rẹ̀ rọ̀ pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń fi dán an wò. Ariwo ìsàlẹ̀ ń gba ihò kékeré wọlé ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Irun dídì kan ṣoṣo tó bá kọjá lábẹ́ tìmùtìmù ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀, apá kan iṣẹ́ tí ẹ sanwó fún sì ti lọ. Ẹ kó ìdì irun sẹ́yìn etí, kí tìmùtìmù lè kan awọ ara yíká. Bí ẹ bá kó irun jọ sí àárín orí, ẹ sún ọ̀já hẹ́dífóònù síwájú tàbí sẹ́yìn rẹ̀, kí ó má baà gbé ike kúrò létí. Ẹni tó ń lo híjáàbù yóò rí i pé kí hẹ́dífóònù wà lábẹ́ aṣọ dára púpọ̀ ju kí ó wà lórí rẹ̀ lọ. Awò ojú tí apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Èyí tí apá rẹ̀ nípọn ń jí ANC lọ. Ti gèlè, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi hẹ́dífóònù lọ òde ìgbéyàwó.

Àwọn kan tún wà tí ANC máa ń dà bí ohun tó ń fa ìlù etí wọn, irú dídí tí etí ń dí nígbà tí bàálù bá ń gòkè. Kò léwu, ṣùgbọ́n kì í lọ fún àwọn mìíràn. Ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ létí yín kí ẹ tó sanwó.

Ooru ni ìṣòro wa kejì. Tìmùtìmù tí wọ́n fi awọ àtọwọ́dá bò ń dí etí pa dáadáa, ìyẹn ló jẹ́ kí ó dára fún ariwo, ìyẹn náà ló jẹ́ kí òógùn máa kún abẹ́ rẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Òógùn ń bó awọ náà. Láàárín ọdún bíi méjì tí a bá ń lò ó lójoojúmọ́ nínú ooru, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í já bí èèpo, ANC náà á sì máa jò. Kí ẹ tó ra hẹ́dífóònù, ẹ bèèrè bóyá tìmùtìmù rẹ̀ ṣeé yọ, àti bóyá ẹ lè rí òmíràn rà. Ti Sony, ti Bose àti ti Apple ṣeé pààrọ̀, ti Apple tilẹ̀ ń fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ra. Ẹ máa nu ún lẹ́yìn ìlò, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn, nítorí bátìrì inú rẹ̀ kò fẹ́ràn ooru ju awọ lọ.

Ó kan orúkọ wàyí. Bose àti Sony ló ń du ipò kìíní láti 2016, nígbà tí Sony gbé MDR-1000X jáde láti dojú kọ QuietComfort 35. Bose ló ṣì mọ̀ ọ́n ṣe kí ó fúyẹ́ lórí: QuietComfort 45 ti 2021 kò ju gíráàmù 240 lọ, ènìyàn sì lè wọ̀ ọ́ láti pápákọ̀ òfurufú Múrítàlá ní Èkó dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù láìyọ ọ́. QuietComfort Ultra ti 2023, tó jáde ní dọ́là 429, ń bo ariwo ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́nà tó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ń gbé wákàtí 24 péré. Sony WH-1000XM4 ti 2020 ń gbé 30, ó wúwo tó gíráàmù 254, ó sì ń ká wọnú ara rẹ̀ sínú àpò kékeré. XM5 tó tẹ̀ lé e ní 2022 kì í ká mọ́, XM6 ti 2025 sì tún ti padà ń ká. Fún ẹni tó ń fi àpò ẹ̀yìn wọ dáńfó, kíká yẹn ṣe pàtàkì ju ìyàtọ̀ kékeré tó wà nínú ANC wọn lọ. Èmi yóò mú XM4 ṣáájú XM5 láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

AirPods Max ti Apple jáde ní òpin 2020 ní dọ́là 549. Irin rẹ̀ lẹ́wà, ANC rẹ̀ dára gan-an, ọ̀nà tó fi ń jẹ́ kí ohùn ìta wọlé nígbà tí a bá fẹ́ sì dára ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n gíráàmù 385 ni, ọrùn á sì mọ̀. Wákàtí 20 ni bátìrì rẹ̀ ń gbé, kò ní ibi tí a ti ń pa á, bí bátìrì bá sì tán pátápátá, wáyà pàápàá ò lè mú un kọrin. Ẹni tí kò lo iPhone, kí ó gbójú kúrò lára rẹ̀. Sennheiser Momentum 4 ti 2022 ni ìdàkejì rẹ̀: wákàtí 60 pẹ̀lú ANC ní títàn. Níbi tí iná ti ń lọ fún ọjọ́ mélòó kan, mi ò mọ ìwà rere tó ju ìyẹn lọ. ANC rẹ̀ kò tó ti Bose, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ mọ́ ju tirẹ̀ lọ létí mi.

Láàárín àwọn tí owó wọn kéré, Soundcore Space One jáde ní 2023 ní nǹkan bíi dọ́là 100, ó ń gbé wákàtí 40 pẹ̀lú ANC. Sony WH-CH720N ti ọdún kan náà wúwo tó gíráàmù 192 péré, kò sì sí ohun tó fúyẹ́ tó o nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ. Sí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù, àwọn méjèèjì yìí á ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́. Ohun tí àfikún owó ń rà fún yín lókè wọn ni dídákẹ́ díẹ̀ sí i, ìrísí tó lẹ́wà àti orin tó mọ́.

Orin náà yẹ fún gbólóhùn díẹ̀. Ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù wọ̀nyí ni wọ́n ti wú bàásì rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Sí orin ijó òde òní, ó lè dùn. Sí fújì, jùjú àti àpàlà, ó ń ba nǹkan jẹ́, nítorí pé àárín ni gángan ti ń sọ̀rọ̀, bàásì tó wú á sì bo ẹnu rẹ̀. Ẹ fi orin Haruna Ishola tàbí ti King Sunny Ade dán an wò. Bí ẹ kò bá lè gbọ́ ohun tí ìlù ń wí lábẹ́ ohùn olórin, ẹ wọ inú áàpù rẹ̀, kí ẹ fa bàásì wálẹ̀. Èyí tí kò ní áàpù tí a fi ń ṣe èyí, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti rà á. Ọ̀rọ̀ LDAC, ọ̀nà ìfi-orin-ránṣẹ́ láìlo wáyà tí Sony ń polówó, kò kan ẹni tó lo iPhone, nítorí pé iPhone kì í lò ó, ẹni tó bá sì ń fi dátà díẹ̀ gbọ́ orin kò ní rí ìyàtọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí jù ni ohun tó ń ṣe fún etí fúnra rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké, ẹni tó lo ẹ́ẹ̀písì lásán á gbé orin sókè títí orin á fi ju ẹ́ńjìnnì lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé kí àgbàlagbà má gbọ́ ohun tó dé dẹ̀síbẹ̀lì 80 ju wákàtí 40 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ti ọmọdé má sì ju 75 lọ. Bí ohùn bá fi dẹ̀síbẹ̀lì mẹ́ta lé sí i, agbára tó ń kọlu etí ti di ìlọ́po méjì, ìdajì àkókò ló sì kù. Nígbà tí ANC bá ti gba ẹ́ńjìnnì kúrò, orin jẹ́jẹ́ á tó. Ẹni tó bá ra á tó ṣì ń gbé e dé òpin, kò tíì jẹ èrè rẹ̀.

Lójú títì, ẹ pa ANC. Okadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tírélà tí bíréèkì rẹ̀ já, gbogbo wọn ni ìkùn ẹ́ńjìnnì wọn ń ṣáájú wọn dé etí, ìkùn yẹn gan-an ni ANC sì ń mú lọ. Bọ́tìnnì kan wà lára gbogbo àwọn tó dára tó ń jẹ́ kí ohùn ìta wọlé. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó wúlò nílé pẹ̀lú, kí ọmọ má baà jókòó sílẹ̀ nígbà tí màmá bá ń pè é. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, irú àwọn nọ́ọ̀sì wa tó pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, kó má ra hẹ́dífóònù tó ń bo etí fún oorun. Kò ṣeé fi ẹ̀gbẹ́ sùn lé. Fóòmù rírọ̀ tí a ń kì sínú etí ló yẹ ẹ́.

Ní ti ibi tí a ti ń rà á, ìmọ̀ràn mi ni tòkunbọ̀ èyí tó ti jẹ́ ọ̀gá nígbà kan, dípò tuntun tí kò lórúkọ. XM4 tàbí QuietComfort 45 tòkunbọ̀ tó mọ́ á fi ojú ọ̀pọ̀ àwọn tuntun gbolẹ̀. Ẹ ya owó tìmùtìmù tuntun sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìmọ́tótó àti nítorí jíjò. Ẹ so ó mọ́ fóònù yín níwájú olùtajà, kí ẹ ṣí áàpù ilé-iṣẹ́ tó ṣe é: bí áàpù kò bá dá a mọ̀, ayédèrú ni. Ẹ ká a, ẹ nà án, kí ẹ sì wo ibi tí ọ̀já ti wọnú ike, nítorí ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ là. Ẹ pe ẹnìkan lórí rẹ̀ láàárín ariwo ọjà, kí ẹ bi í bóyá ó ń gbọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí tó ní nọ́ńbà ara hẹ́dífóònù náà nínú, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹ lè dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, nítorí bátìrì tó ti gbó kì í fi ara rẹ̀ hàn ní ṣọ́ọ̀bù. Ilé ló ti ń hàn, lọ́jọ́ kejì tí iná bá lọ.